A Gbé Káfíńtà Lọ sí Ilé Ìwòsàn Nítorí Ẹ̀rín

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, bàbá mi dá rẹ́rìn-ín nínú ilé ìdáná. Mo gbọ́ ọ láti yàrá mi. Ẹ̀rín náà kò gùn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fẹ́ gba gbogbo ilé, ó sì dákẹ́ lójijì bí ẹni pé wọ́n fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. Nígbà tí mo wọlé, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi bo ẹnu ara rẹ̀. Ó ń wo búrẹ́dì tó wà lórí àwo, ojú rẹ̀ ń dán.

"Kí ló pa yín lẹ́rìn-ín, Bàbá?"

"Kò sí nǹkan kan."

"Ẹ rẹ́rìn-ín."

"Ikọ́ ni."

Mo mọ ikọ́. Mo sì mọ ìwé tó wà lára ògiri lẹ́yìn orí rẹ̀, nítorí èmi ni mo tẹ̀ ẹ́, èmi ni mo sì fi rọ́bà bò ó kí omi má bàa bà á jẹ́. Ohun tó wà ní ìlà kìíní ni: Ó ń dá rẹ́rìn-ín. Ó ku ọjọ́ mọ́kànlá kí ọdún kan pé tí bàbá mi kò tíì ṣe ọ̀kankan nínú ohun tó wà nínú ìwé náà. Bí ọdún náà bá pé, wọn yóò dá ẹ̀rọ ayùn rẹ̀ padà fún un. Bí kò bá pé, a ó tún un kà láti orí oókan.

Mo ń kọ èyí sílẹ̀ nítorí pé àwọn ẹbí mi ti ń yí i sọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ti ń sọ ọ́ fún àlejò báyìí bí ọ̀rọ̀ apanilẹ́rìn-ín tí kò sẹ́ni tó jẹ̀bi nínú rẹ̀. Ẹ̀bi wà níbẹ̀. Mo mọ bó ṣe tóbi tó, mo sì mọ ìpín tèmi.

Káfíńtà ni bàbá mi. Ilẹ̀kùn ló ń kàn. Níbi iṣẹ́ wọn, ẹnìkan ló ń kan àga, ẹlòmíràn ló ń kan bẹ́ẹ̀dì. Bí iṣẹ́ ilẹ̀kùn bá dé, ti Bàbá Ìwọ̀n ni. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nìyẹn, nítorí pé ẹ̀ẹ̀kan péré ló máa ń wọn pákó. Á wọ̀n ọ́n, á kọ iye rẹ̀ sí ẹ̀yìn ọwọ́, á gé e. Kò tíì sí ilẹ̀kùn rẹ̀ kan tó há mọ́ férémù.

Ní ọdún tó ṣáájú, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ó yọ gbogbo ilẹ̀kùn ilé tí àwa àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jọ ń gbé. Mẹ́sàn-án ni. Ó tú wọn níkọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n sí àgbàlá bí ìwé, ó sì jókòó tì wọ́n. Ó ní àwọn kan ń fara pamọ́ sẹ́yìn wọn, wọ́n ń sọ̀rọ̀ òun láìdánu dúró. Bí kò bá sí ilẹ̀kùn mọ́, wọn ò ní ríbi dúró sí. Ó kó ìṣó ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan sínú agolo tirẹ̀, ó sì kọ orúkọ yàrá sára agolo náà. Ara rẹ̀ kò yá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Fáníìṣì, ọkùnrin tó ń kun igi níbi iṣẹ́ wọn, dá gbogbo ilẹ̀kùn padà ní wákàtí méjì, kò sì ṣi ẹyọ kan gbé.

Kò sí ẹni tí kò ní orúkọ tó ń pe ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ní orí rẹ̀ ló yí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní iyè rẹ̀ ló ra. Fáníìṣì ní wáyà méjì ló kan ara wọn. Ọ̀gá wọn níbi iṣẹ́ ní ìrònú ni, nítorí pé ìyá mi ti kú, ọkùnrin kì í sì í dá gbé kó má ronú. Dókítà pè é ní orúkọ kan tó gùn bí ọkọ̀ ojú irin. Èmi tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gboyè nínú ìmọ̀ ìṣirò, mo wá orúkọ gígùn náà kàn nínú ìwé, mo kọ́ ọ sórí, mo sì rò pé mo ti mọ ohun tó ń ṣe bàbá mi. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń pè é.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló lò nílé ìwòsàn. Ọjọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀, wọ́n fún wa ní ìwé kan tó ní ìlà méje. Ìbéèrè kan ló wà lókè rẹ̀: kí lẹ máa ń rí kí àìsàn náà tó dé? Wọ́n ní kí á kọ ọ́ lọ́rọ̀ ara wa. Bí a bá rí mẹ́ta nínú rẹ̀ ní ọjọ́ kan, kí á tètè mú un wá. Ìwé tó dára ni. Àwa tí wọ́n gbé e lé lọ́wọ́ ni kò dára.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ṣùgbọ́n tí ẹnu rẹ̀ kò tíì fẹ̀yìn tì, ló ń sọ. Èmi ni mò ń tẹ̀ ẹ́.

"Kọ ọ́ síbẹ̀. Ó ń dá rẹ́rìn-ín."

"Ìgbà wo lẹ rí i, Màmá?"

"Ọjọ́ tó kó ilẹ̀kùn síta, ṣé kò rẹ́rìn-ín ni?"

"Ọjọ́ yẹn kọ́ ni wọ́n ń béèrè. Ohun tó ṣáájú rẹ̀ ni."

"Ìwọ lo pọn bàbá ẹ ni, àbí èmi? Kọ ọ́."

Ọ̀gá àti Fáníìṣì wá kí wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àwọn náà sì jókòó ti ìwé. Ọ̀gá ní ó máa ń bá igi sọ̀rọ̀. Fáníìṣì ní ó máa ń kọrin tó bá ń fá pákó.

"Orin yẹn nìkan," ni Fáníìṣì wí, "ó yẹ kí wọ́n ti tìtorí ẹ̀ dá wọn dúró sílé ìwòsàn tipẹ́."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, mo sì tẹ orin mọ́ ọn. Bí a ṣe kún ìlà méje nìyẹn. Ó ń fún èèyàn ní nǹkan láìnídìí. Ó ń jí ní kùtù. Ó ń dápàárá. Èyí tó gbẹ̀yìn, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ronú díẹ̀ kó tó sọ ọ́: Ó ń sọ pé inú òun dùn. Ohun tó ń bí oníkálukú nínú lára bàbá mi ni a kó jọ, tí a pè ní àmì àìsàn. Mo tò wọ́n ní nọ́ńbà. Mo tún àmì ohùn orí wọn ṣe.

Bàbá mi wà níbẹ̀. Ó jókòó sórí àga, oògùn ti mú ojú rẹ̀ wúwo, ó ń gbọ́ wa.

A fi ìwé kan sí ilé ìdáná, Ọ̀gá sì fi ẹ̀dà rẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn ibi iṣẹ́. Ó gba kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ ayùn lọ́wọ́ rẹ̀. "Tó o bá lo ọdún kan láìsí ẹyọ kan nínú ìwé yìí, mà á dá a padà fún ẹ," ló wí. Ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn wá di ẹni tó ń fi sáńpépà ra ẹsẹ̀ àga tí ẹlòmíràn kàn. Bàbá mi kò jiyàn. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé ẹ̀rín mì. Òwúrọ̀ ń mọ́ tí yóò ti jí, tí yóò sì dùbúlẹ̀ di aago méje nítorí ìlà karùn-ún. Tí wọ́n bá bi í pé báwo ni, á ní, "Ó wà bẹ́ẹ̀." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń sọ fún gbogbo èèyàn pé ara àbúrò òun ti yá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí mo ń sọ, dókítà dín oògùn rẹ̀ kù sí ìdajì. Mo mọ̀. Ewu ni mo kà á sí. Mi ò bi í léèrè bó ṣe ń rí lára rẹ̀.

Mo tẹ̀ lé e lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Mi ò níṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣe, mi ò sì tíì ní in láti ọjọ́ tí mo ti gboyè. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà níbi tí Fáníìṣì ti ń po ọ̀dà. Bàbá mi so épírọ́ọ̀nù rẹ̀, ó mú sáńpépà, ó sì ń lọ sídìí àga rẹ̀. Pákó tuntun wà lọ́nà, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já a sílẹ̀ lójúmọ́ náà. Ó dúró. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé imú lé e.

"Ṣé bó o ṣe ń rùn látẹ̀yìnwá nìyí?" ló bi pákó náà. "O ò sì sọ fún mi."

Fáníìṣì gbé burọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. "Ọmọ Bàbá Ìwọ̀n, ṣé o rí ìyẹn?"

"Mo rí i."

"Wọ́n bá igi sọ̀rọ̀."

"Wọ́n sì ti rẹ́rìn-ín nílé."

"Méjì." Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà méjì sára ògiri. "Ó ku ẹyọ kan. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí wọ́n rántí orin."

Bàbá mi rántí orin. Orin náà kò dùn, kò sì dùn rí. Ohùn rẹ̀ máa ń gòkè níbi tó yẹ kó sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún kan tí mo ti gbọ́ ọ kẹ́yìn. Mo dúró títí ó fi kọ ẹsẹ kìíní tán kí n tó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù.

Kò pé ogún ìṣẹ́jú tó fi dé, òun àti àpò kan. Síńgílẹ́ẹ̀tì méjì, ọṣẹ, àti òòyà ló wà nínú rẹ̀. Ó ti di àpò náà láti ọdún tó kọjá, kò tú u rí. Nígbà tí bàbá mi rí àpò, ó pa orin.

"Mélòó ni?" ló bi mí.

"Mẹ́ta. Ẹ̀rín, igi, àti orin."

"Ti ẹ̀rín yẹn, mo ní ikọ́ ni."

"Bàbá."

"Ó dáa. Ẹ̀rín ni." Ó tú épírọ́ọ̀nù rẹ̀, ó ká a sí mẹ́rin, ó sì gbé e lé orí pákó tuntun náà. Ó wò ó bí ẹni tó ń wo ohun tí kò mọ ìgbà tí yóò tún fojú kàn án.

Ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó ẹrù ibi iṣẹ́ ni Ọ̀gá fi gbé wa. Òun àti ẹ̀gbọ́n bàbá mi wà níwájú. Èmi, bàbá mi àti Fáníìṣì wà lẹ́yìn pẹ̀lú ilẹ̀kùn méjì tí wọ́n fẹ́ já fún oníbàárà. Bàbá mi fi ọwọ́ pa ọ̀kan lára.

"Ta ló kan èyí?"

"Ẹ má bínú," ni Fáníìṣì wí.

"Mi ò bínú. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ilé oníbàárà náà ló wọ́ ni."

Fáníìṣì fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rántí ibi tí à ń lọ, ó yíjú sí títì. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti gbọ́ láti iwájú. "Àpárá wà nínú ìwé yẹn o. Ìlà kẹfà."

"Mẹ́rin ti pé nìyẹn, ẹ̀gbọ́n mi," ni bàbá mi wí. "Ṣé mo lè gba ẹ̀bùn?"

Nọ́ọ̀sì tó gbà wá wọlé ti mọ̀ ọ́n láti ọdún tó kọjá. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, awò ojú rẹ̀ máa ń wà lórí irun rẹ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ojú. Ó jókòó ti tábìlì kékeré kan, ó gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí a mú wá, ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò tíì ṣe.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ṣé ẹ sùn lánàá?"

"Mo sùn."

"Wákàtí mélòó?"

"Ẹ bi ọmọ mi. Òun ló ń kà á."

"Wákàtí méje àti ogún ìṣẹ́jú," mo ní.

"Oúnjẹ ńkọ́?"

"Ó jẹ búrẹ́dì mẹ́rin," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Mẹ́rin, Nọ́ọ̀sì. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

Nọ́ọ̀sì kò kọ ọ́. "Ṣé ẹ ń gbọ́ ohùn kankan, Bàbá?"

"Rárá."

"Àwọn tó máa ń wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn ńkọ́? Ṣé ẹnìkan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tèmi yìí?"

Bàbá mi yíjú wo ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di àpò mú. "Ó wà," ni bàbá mi wí. "Fáníìṣì ni. Ó ń gbọ́ wa."

Nọ́ọ̀sì dìde, ó ṣílẹ̀kùn. Fáníìṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi orí sọlẹ̀ sínú yàrá. Ó ní òun ń wá ibi tí wọ́n ti ń mu omi.

"Ìyẹn kì í ṣe àìsàn," ni Nọ́ọ̀sì wí, ó sì padà sórí àga rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ti ń yà díẹ̀. "Kí ló wá pa yín lẹ́rìn-ín láàárọ̀?"

"Búrẹ́dì. Ó dùn." Bàbá mi wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Odidi ọdún kan ni mo fi jẹ búrẹ́dì bí ẹní jẹ páálí. Láti ìgbà tí ẹ ti dín oògùn yẹn kù, ahọ́n mi ti ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Lónìí, imú mi náà dé. Mo gbóòórùn igi. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n sọ ọ́, torí ìlà keje."

"Kí ló wà ní ìlà keje?"

Mo kà á fún un. "Ó ń sọ pé inú òun dùn."

Nọ́ọ̀sì sọ awò rẹ̀ kalẹ̀ sójú, ó ka ìlà náà fúnra rẹ̀. "Ta ló kọ èyí?"

"Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́."

"Mi ò bi ẹ́ ní ẹni tó tẹ̀ ẹ́."

Ọ̀gá ń wo àjà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ṣí àpò, ó tún un pa dé.

"Bàbá," ni Nọ́ọ̀sì wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin fúnra yín, báwo ló ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀?"

"Mo máa ń dákẹ́ ni." Ó sọ ọ́ wéré, bí ẹni tí ìdáhùn ti wà lẹ́nu rẹ̀ látọjọ́ pípẹ́. "Kì í ṣe dídákẹ́ tó dáa. Inú orí mi á kọ́kọ́ pa lọ́lọ́. Mà á wọn pákó, mà á tún un wọ̀n, iye yẹn náà ni mà á bá, àmọ́ mi ò ní gbà á gbọ́. Oorun á lọ. Èmi ń pè é ní ilé ṣíṣófo. Ilé á kọ́kọ́ ṣófo, kí àwọn tí mi ò pè tó kó wọlé."

"Ṣé ẹ sọ fún wọn nílé?"

"Kò sẹ́ni tó bi mí. Wọ́n tiẹ̀ ń yìn mí nígbà yẹn."

Òótọ́ ni. Mo ka ọjọ́ padà sẹ́yìn lórí àga yẹn, mo sì bá a. Ọjọ́ mẹ́fà gbáko ni bàbá mi kò sọ̀rọ̀ kó tó yọ ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wí kiri pé àbúrò òun ti wá fara balẹ̀ bí àgbà. Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ náà, bàbá mi wá wọn férémù yàrá mi lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ẹni tí kì í wọn nǹkan ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Mò ń kàwé ìdánwò àṣekágbá. Mo ní kó kúrò níbẹ̀, ó ń dí mi nímọ́lẹ̀. Mi ò tíì dárí ìyẹn ji ara mi, mi ò sì bẹ ẹnikẹ́ni kó bá mi dárí rẹ̀ jì.

Nọ́ọ̀sì fa ìwé tuntun yọ, ó gbé e síwájú bàbá mi pẹ̀lú bírò. Lẹ́tà ńláńlá ni bàbá mi fi kọ ọ́, bí ẹni tó ń kọ àmì sára pákó. Ìlà mẹ́ta péré ló lò. Mo dákẹ́. Mò ń wọn nǹkan kan náà léraléra. Mi ò sùn lálẹ́ méjì. Ó dá bírò padà.

"Ó ku ìlà mẹ́rin," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí.

"Mi ò ní ìyókù, ẹ̀gbọ́n mi. Tẹ́ ẹ bá ní tiyín, ẹ gba ìwé tiyín."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ lu tábìlì, òun nìkan ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, kó tó kan Fáníìṣì lẹ́nu ọ̀nà, kó tó wá kan ẹ̀gbọ́n bàbá mi fúnra rẹ̀, ẹni tó ń gbìyànjú láti bínú tí ìbínú kò gbà fún un. "Ẹ máa mú wọn lọ," ni Nọ́ọ̀sì wí. "Inú wọn ló dùn. A ò ní bẹ́ẹ̀dì fún ìyẹn níbí. Kí wọ́n máa lo oògùn wọn bó ṣe wà, kí wọ́n sì padà wá ní ọjọ́ tí dókítà dá fún wọn."

Ọ̀gá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Ti ayùn ńkọ́? Ọdún ò tíì pé. Ọjọ́ mọ́kànlá ló kù."

"Ìwé wo lẹ fi ń kà á?" mo bi í.

"Èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ."

"Ìwé yìí ò tọ̀nà. Ẹ ò lè fi òṣùwọ̀n tí ò tọ̀nà wọn pákó, kẹ́ ẹ wá ní pákó náà kúrú."

"Ọmọ yìí, ẹnu ẹ mú ju ẹ̀rọ mi lọ." Ó yíjú sí bàbá mi. Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ìka mẹ́wàá ló wà lọ́wọ́ ẹ, Bàbá Ìwọ̀n. Èmi ni mà á wo ojú ọmọ ẹ tó bá di mẹ́sàn-án. Tí ilé bá tún ń ṣófo, ṣé o máa sọ fún mi?"

"Èmi fúnra mi ni mà á mú kọ́kọ́rọ́ wá bá yín, Ọ̀gá. Ẹ ò ní béèrè."

Ọ̀gá wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó fa ìdì kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ yọ, ó ń gbìyànjú láti yọ ọ̀kan. Òrùka náà le. Èékánná rẹ̀ ya, ó ṣépè fún ẹni tó ṣe òrùka, ó sì yọ ọ́. Bàbá mi fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

Ọ̀sán la padà débi iṣẹ́. Bàbá mi wẹ ọwọ́, ó ṣí ìdérí ẹ̀rọ náà, ó fi òróró sí i, ó dán an wò lẹ́ẹ̀mejì láìfi igi sí i. Pákó tuntun yẹn ló fẹ́ gé. Ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, ó kọ iye rẹ̀ sí ẹ̀yìn ọwọ́. Pákó náà gùn. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ di ìdí rẹ̀ mú kó má bàa mì.

Ó gbójú sókè, ó ń dúró. Fáníìṣì ní ọ̀dà òun ti ń gan. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní ẹsẹ̀ ń dun òun, ó sì ti rìn jìnnà sí ẹ̀rọ náà kó tó sọ ọ́ tán. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan nínú àpò ara rẹ̀. Gbogbo wọn ti gbà lẹ́nu pé ara rẹ̀ yá.

Mi ò ṣe káfíńtà rí. Mo lọ, mo di ìdí pákó mú.

"Má wò mí lójú," ni bàbá mi wí. "Pákó ni kó o máa wò. Tó bá ti ń bọ̀, jẹ́ kó bọ̀. Má tì í."

Ẹ̀rọ náà ké. Pákó ń gba ọwọ́ mi kọjá díẹ̀díẹ̀, ó gbóná, eruku igi ń fò sí wa lára, òórùn rẹ̀ sì kún gbogbo yàrá débi pé èmi náà gbọ́ ọ. Ó já sí méjì. Bàbá mi pa ẹ̀rọ. Ó gbé ojú ibi tó gé sí ìmọ́lẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tọ́ ọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sí ibi tó wọ́.

"Ọwọ́ ẹ ń gbọ̀n," ló wí.

"Mo mọ̀."

"Kì í ṣe àìsàn. Gbé èkejì wá."

Mo gbé e wá.